Okùn Ìgbòkun Iwájú

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé àyájọ́ yìí ní kí a kọ ohun kan tí yóò ṣe ọmọ àti òbí láǹfààní, àwa tọkọtaya tí a jọ kàwé jáde níbí ronú sí ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn ẹlòmíràn yóò kọ nípa àwọn olùkọ́ tó tọ́ wa, tàbí nípa ilé oúnjẹ àti agogo òwúrọ̀. Èyí tó wà lọ́kàn tiwa jẹ mọ́ okùn kan tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, okùn tí a fi ń darí ìgbòkun iwájú nínú ọkọ̀ kékeré tí a ń wà lórí omi Èkó ní ọjọ́ Sátidé. Okùn náà ló bá wa parí ọ̀rọ̀ kan tó le nínú ilé wa lọ́dún yìí. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó tọ́ kí a sọ nípa rẹ̀ fún yín.

Ẹni tó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá ní àárọ̀ yóò ti rí àwọn apẹja Makoko lórí ọ̀sà. Àpò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rán pọ̀ di ìgbòkun. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wọn wá, wọn a ta á, ọkọ̀ a sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ wọ́n, wọn a ká a sílẹ̀, wọn a mú àjẹ̀ tàbí ọ̀pá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù nínú Ìhìn Rere Máàkù orí kẹfà: afẹ́fẹ́ kọjú ìjà sí wọn lóru, apá wọn ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ìrìn-àjò Pọ́ọ̀lù yóò rántí pé ìgbòkun iwájú pàápàá wà nínú Bíbélì. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n, nígbà tí ọkọ̀ wọn fẹ́ gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mẹ́lítà, òun ni àwọn atukọ̀ ta kí afẹ́fẹ́ lè gbé wọn dé èbúté. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn nìyẹn náà. Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni bí a ṣe ń fi aṣọ àti okùn nìkan lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.

Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Lagos Yacht Club ti wà ní Èkó láti ọdún 1932, etíkun ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké pọ̀ sí jù lọ ní ìlú yìí. Irú ọkọ̀ tí àwa ń wà ni wọ́n ń pè ní Lightning. Ilé-iṣẹ́ Sparkman & Stephens ní Amẹ́ríkà ló ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 1938. Ẹsẹ̀ bàtà 19 ni gígùn rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ló sì ń wà á. Nínú tiwa, ọ̀kan nínú àwa òbí a di ìtọ́kọ̀ àti okùn ìgbòkun ńlá mú, èkejì a máa sún síhìn-ín sún sọ́hùn-ún kí ọkọ̀ má bàa dà nù, a sì máa wo ọ̀nà. Ọmọkùnrin wa, tó wà ní ìpele àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ló ni okùn ìgbòkun iwájú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ ọ́n wẹ̀, síbẹ̀ a kì í kúrò ní èbúté láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Kò sí ọkọ̀ onígbòkun tó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ gan-an kó sì lọ síwájú. Aṣọ rẹ̀ yóò kàn máa gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yí orí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, tó bí ìwọ̀n dígíríì 45 sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, aṣọ yóò kún, ọkọ̀ yóò sì gbéra. A ó rìn báyìí sápá ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀, a ó yí orí ọkọ̀ pa dà, a ó rìn sápá òsì. Kọ́lọkọ̀lọ ni a ó máa lọ, bí ọ̀nà mọ́tò ṣe máa ń gun òkè gíga, títí a ó fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ kí a dé.

Báwo ni afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ níwájú ṣe ń tì wá síwájú? Ìgbòkun tó kún kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa ń tẹ̀ kọdọrọ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀, ó sì ń gba òde rẹ̀. Èyí tó gba òde ń yára jù, agbára tó fi ń tẹ aṣọ sì dín kù, nítorí náà aṣọ a fà sí òde àti síwájú. Afẹ́fẹ́ ìbá gbé ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ irin pẹlẹbẹ kan wà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ sínú omi láti àárín ọkọ̀, òun ni kò gbà. Ẹni tó bá ti fi ìka méjì fún kóró àgbálùmọ̀ tó ṣì ń yọ̀ ti rí i rí: ìka kan tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, èkejì tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, kóró náà sì fò lọ síwájú. Ìgbòkun ni ìka kan, irin inú omi ni ìka kejì.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìgbòkun iwájú kò tóbi tó ìgbòkun ńlá, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ ṣe pàtàkì. Òun ló kọ́kọ́ ń pàdé afẹ́fẹ́, kò sí òpó kankan níwájú rẹ̀ tó lè da afẹ́fẹ́ náà rú. Àlàfo tóóró kan tún wà láàárín òun àti ìgbòkun ńlá, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ẹ̀yìn. Bí a bá fa ìgbòkun iwájú jù, àlàfo yẹn a há, ìgbòkun ńlá náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹnì kan ṣoṣo ló fa okùn jù, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ló fara gbá a.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ìgbà tí okùn tó? Ojú kò lè rí afẹ́fẹ́, òwú ló ń bá wa rí i. Èyí tí à ń lò wá láti inú agbọ̀n Màmá, ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó máa ń hun súẹ́tà àti fìlà fún àwọn ọmọ ọwọ́. A gé òwú náà ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì ní gígùn, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ní ibi mẹ́ta, ní ìsàlẹ̀, ní àárín àti lókè, kò jìnnà sí etí iwájú. Ibi kọ̀ọ̀kan ní òwú méjì: pupa wà ní òsì aṣọ, àwọ̀ ewé wà ní ọ̀tún. Nígbà tí a bá ń lọ, èyí tó kọjú sí wa níbi tí a jókòó sí ni òwú inú, èkejì tí à ń rí òjìji rẹ̀ láti inú aṣọ ni òwú òde.

Bí òwú méjèèjì bá ń sàn gbọọrọ sẹ́yìn, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Bí òwú inú bá ń jó sókè sódò, okùn ti dẹ̀ jù, tàbí kẹ̀ orí ọkọ̀ ti súnmọ́ afẹ́fẹ́ jù: kí a fa okùn díẹ̀, tàbí kí atọ́kọ̀ yí orí ọkọ̀ kúrò díẹ̀. Bí òwú òde bá ń jó tàbí tó kú sílẹ̀, okùn ti le jù: kí a dẹ̀ ẹ́, tàbí kí atọ́kọ̀ yí orí ọkọ̀ súnmọ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rántí rẹ̀ kíá lè fi í sọ́kàn báyìí: òwú inú ń ní kí a fà á, òwú òde ń ní kí a dẹ̀ ẹ́.

Èyí tó ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni òwú òde. Bí okùn bá dẹ̀ jù, gbogbo ayé ló ń gbọ́, aṣọ yóò máa pariwo. Bí ó bá le jù, kò sí ariwo rárá. Aṣọ náà yóò tẹ́, yóò le gbandi, yóò dára lójú, ọkọ̀ a sì máa dà bí ẹni pé ó kọjú sí afẹ́fẹ́ ju tẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti já kúrò lára òde aṣọ, eré ti tán lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń yọ́ lọ. Òwú kékeré kan tó ń jó ní òde nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń dẹ okùn lóòrèkóòrè títí òwú inú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n, kí wọ́n tó rọra fà á pa dà díẹ̀. Wọn kì í dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí okùn ń gbà kọjá náà ṣe é sún síwájú tàbí sẹ́yìn lórí irin rẹ̀. Bí a bá rọra yí orí ọkọ̀ sún mọ́ afẹ́fẹ́, ó yẹ kí òwú inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ti òkè bá kọ́kọ́ gbọ̀n, òkè ìgbòkun ti ṣí jù, kí a sún ibi tí okùn ń gbà síwájú. Bí ti ìsàlẹ̀ bá kọ́kọ́ gbọ̀n, kí a sún un sẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sún un sẹ́yìn kí òkè lè ṣí, kí agbára tó pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ jáde, kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a tún máa ń fa okùn tó gbé ìgbòkun sókè kí etí iwájú rẹ̀ le. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, a máa ń dẹ̀ ẹ́ títí ìwúnjọ kéékèèké yóò fi hàn lára etí náà.

Omi Èkó kì í sì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ lè rọra ti apá àríwá wá, omi á sì tẹ́ rẹrẹ. Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun a ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọlé, ìgbì a sì máa gba ẹnu èbúté wọ inú. Lórí omi tó tẹ́, ìgbòkun iwájú gba kí a fà á díẹ̀ sí i, kí ọkọ̀ lè súnmọ́ afẹ́fẹ́. Nínú ìgbì, ó fẹ́ kí a dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ọkọ̀ lè ní agbára tí yóò fi la ìgbì já. Okùn tó dára lánàá lè má dára lónìí, ọkọ̀ kan náà ni, atukọ̀ kan náà ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, a ń lọ sí Tarkwa Bay. Afẹ́fẹ́ ń ti ibẹ̀ bọ̀, omi òkun sì ń kún wọlé, àwọn méjèèjì ló ń tì wá pa dà. Bí a ti ń gba apá kan ọ̀nà omi lọ, ọkọ̀ ńlá tó kó kọ̀nténà yọ láti ẹnu òkun, ó ń lọ sí Àpápá. Òfin òkun ni pé nínú ọ̀nà omi tóóró, ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 20 tàbí ọkọ̀ onígbòkun kò gbọ́dọ̀ dí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ńlá kò lè yà fún wa, àwa la ó yà fún un. Ó ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. A yí orí ọkọ̀ pa dà sí apá ìwọ̀-oòrùn kí a lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí pa dà kì í ní eré, ìgbì sì tún lù wá lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú wa bi ọmọ náà léèrè pé, "Ṣé kí o fà á sí i ni?"

Kò gbójú kúrò lára òwú. Ó ní, "Rárá o, Dádì. Kò tíì ní eré. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sáré ná."

Ó dẹ okùn tó bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó dà bí ẹni pé a kò kọjú síbi tí à ń lọ mọ́. Lẹ́yìn náà òwú méjèèjì sàn sẹ́yìn, ọkọ̀ gbéra, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló wá ń fa okùn pa dà díẹ̀díẹ̀, bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé irin inú omi kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí omi kò bá ń sáré kọjá lára rẹ̀. Eré ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni sísúnmọ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá náà fi kọjá, a ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà omi, a ń wo àwọn atukọ̀ rẹ̀ lókè fíofío.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọmọ wa ti sọ fún wa pé, lẹ́yìn ìdánwò WAEC, òun fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ òkun tó wà ní Oron, ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí a bí. Oron jìnnà sí Èkó, iṣẹ́ náà sì jìnnà jù ú lọ, nítorí atukọ̀ òkun lè wà lórí omi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yunifásítì wà nítòsí ilé wa, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ti ń pè é ní Dókítà láti kékeré. Ní ti Màmá, omi ni kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti dàgbà, ọ̀sà ló sì gbé àbúrò wọn lọ nígbà tí ìjì dé bá a lójijì nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tí kò wọ ohunkóhun tó lè gbé e léfòó. Wọ́n fojú inú wo Oron, wọ́n sì rí ọjọ́ yẹn.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀. A gbàdúrà, a bá pásítọ̀ wa sọ̀rọ̀, a sì bá ara wa sọ̀rọ̀ lóru nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, òwú òde ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ọmọ tí a bá dẹ okùn fún jù, àdúgbò ni yóò máa wá sọ fún òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí okùn le mọ́ lọ́rùn jù kì í pariwo. Yóò máa ṣe bí a ti wí, yóò máa dára lójú ẹni tó ń wò ó, kò sì ní máa lọ síbì kankan. Àwọn àgbà wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ní bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, kí a fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Ọmọ tiwa kò pariwo. Láti ìgbà tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ Oron, ó kàn ń jẹun díẹ̀ ni, ó sì ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, mà."

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Màmá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Wọ́n bi í pé, "Ọkọ mi, kí ni o máa ń fi òwú mi ṣe lórí omi yẹn gan-an?" Ó lọ mú ìgbòkun iwájú wá, ó tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ yàrá ìjókòó, ó ní kí ọ̀kan nínú wa di igun kan mú, kí èkejì di igun mìíràn mú, ó sì tan fáànù kọjú sí i. Màmá wo bí òwú pupa ṣe jó. Wọ́n wo bí ó ṣe sàn nígbà tí ọmọ náà fa okùn. Wọ́n ní kó fà á sí i, wọ́n sì rí i tí ti òdìkejì kú sílẹ̀. Wọ́n ní kó dẹ̀ ẹ́ tán pátápátá, aṣọ sì fẹ́ lu àwo orí tábìlì. Wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí wa. Wọ́n ní, "Ẹ dẹ okùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ú sílẹ̀ o."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. A fún un láyè láti gba fọ́ọ̀mù Oron, a sì jọ kọ ohun tí a kò ní jù sílẹ̀ sórí ìwé kan: ìpè fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, orúkọ ìjọ kan ní Oron tí pásítọ̀ wa yóò bá wa wá, àti fọ́ọ̀mù yunifásítì tí yóò kún pẹ̀lú rẹ̀, kí ọ̀nà méjì lè wà níwájú rẹ̀. Màmá fi tiwọn kún un: kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ kankan láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ì báà jẹ́ lórí omi tó mù ún dé orókún. Ó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń múra ìdánwò lọ́wọ́, oúnjẹ sì tún ti ń wọlé fún un. A kò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbé e dé. A ó máa wo òwú.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, ilé-ẹ̀kọ́ yìí ló kọ́ àwa náà láti di okùn mú láìfi í fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi sùúrù ṣe é. Tó bá di ìgbà tí ọmọ wa bá lọ, àyè ẹnì kẹta yóò ṣófo nínú ọkọ̀ wa. A fẹ́ fi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa sí i, ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin. Ẹ̀yin tí ọmọ yín bá nífẹ̀ẹ́ sí i, ẹ wá bá wa níbi àpèjẹ àyájọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó béèrè ni bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ, a ó dúró dè é. Òwú kò ní wọ́n wa, Màmá ti hun fìlà díẹ̀ lọ́dún yìí kí ó lè ṣẹ́ kù.